Wọ́n ní serotonin kọ́ ló ń fa ìsoríkọ́. Ṣé kí n wá jáwọ́ nínú oògùn mi?

Atúndìde (Ọjọ́ Ajé, aago 6:48 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bi yín yìí ò jẹ́ kí n fojú kan oorun lálẹ́ àná.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìsoríkọ́ ti dá mi dùbúlẹ̀. Ti àkọ́kọ́, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, mo rò pé ọ̀lẹ ni mí. Oṣù mẹ́jọ ló fi bá mi gbé kó tó lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ló tún dé. Èyí burú débi pé mi ò lè wẹ̀, mi ò lè gbé ìpè, orin tí mo fẹ́ràn di ariwo létí mi. Dókítà fi mí sórí oògùn ìsoríkọ́ kan tó ń jẹ́ sertraline. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ṣàdédé rí i pé mo ń kọrin nílé ìwẹ̀. Mo dákẹ́, mo sunkún. Oṣù kẹwàá rèé tí ara mi ti mókun. 100 mílígíráàmù ni mò ń lò lójúmọ́.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi nígbà náà ni pé serotonin, èròjà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló lọ sílẹ̀ nínú ọpọlọ mi, oògùn yóò sì bá mi gbé e sókè, bí ìgbà téèyàn bu epo sí àtùpà. Mo di àlàyé yẹn mú gírígírí. Òun ló jẹ́ kí n yé bú ara mi. Lánàá, ẹnì kan fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi pé àwọn onímọ̀ ti kó gbogbo ìwádìí jọ, wọn ò rí ẹ̀rí pé serotonin tó kéré ló ń fa ìsoríkọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń gbé mì láti ọjọ́ yìí? Ṣé kí n dá a dúró? Tí mo bá sì dá a dúró, ṣé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò ní kan ilẹ̀kùn?

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀ (aago 7:30 àárọ̀)

Ẹ kú ìfaradà. Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà. Joanna Moncrieff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà, ó jáde ní 2022 nínú *Molecular Psychiatry*, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Wọ́n yẹ àwọn àkójọpọ̀ ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ wò: èyí tí wọ́n ṣe lórí serotonin inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe lórí omi ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó wo àwọn ibi tí serotonin ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, èyí tó wo àbùdá téèyàn ń jogún. Wọn ò rí èyí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé serotonin ẹni tó sorí kọ́ kéré sí ti ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo paroxetine, oògùn ìsoríkọ́ mìíràn, nítorí wọ́n ní ọpọlọ mi ò lè pèsè serotonin tó. Kò sẹ́ni tó wọn serotonin mi rí! Mo ti fi oògùn náà sílẹ̀, ó pé ọdún méjì báyìí, ara mi sì dá. Ẹ̀yin lẹ ni ara yín.

Ìyá_Ìbejì (aago 8:05 àárọ̀)

Atúndìde, àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tíì dá nǹkan kan dúró. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Tí mo bá délé, màá sọ ohun tójú mi rí.

Apòògùn_Àgbà (aago 9:20 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ oògùn ni mo ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ìbéèrè yìí sì ti ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra níbí, ẹ jẹ́ ká tú wọn: ohun tó fa àìsàn, àti ohun tó ń mú àìsàn rọlẹ̀.

Bí òjò bá pa ògiri títí tó fi tẹ̀, wọ́n á fi igi tì í kó má baà wó. Igi yẹn ń ṣiṣẹ́. Àìsí igi kọ́ ló mú ògiri tẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá dé lónìí tó ní "a ti wádìí ẹ̀, àìsí igi kọ́ ló fà á o", òótọ́ ló sọ. Ṣé ẹ óò wá torí ẹ̀ fa igi náà yọ lálẹ́ òní?

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí àlàyé "serotonin ò tó" ti wá, torí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kì í ṣe òpùrọ́. Ní 1948, Maurice Rapport, Arda Green àti Irvine Page yọ èròjà kan jáde látinú omi ẹ̀jẹ̀, èròjà tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Wọ́n sọ ọ́ ní serotonin. Ní 1953, Betty Twarog àti Page rí i pé ó wà nínú ọpọlọ náà. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni wọ́n ń fi iproniazid tọ́jú ikọ́ fée, ni wọ́n bá ṣàkíyèsí pé ara àwọn aláìsàn kan ń yá gágá kọjá bí ikọ́ wọn ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó hàn nígbẹ̀yìn pé oògùn náà kì í jẹ́ kí ara fọ́ serotonin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, reserpine, wá ń ṣe òdì kejì: ó ń gbọ́n àwọn èròjà yẹn gbẹ, ìròyìn sì ń wọlé pé àwọn kan tó ń lò ó ń sorí kọ́. Ẹ fi méjèèjì ṣe ẹyọ kan, ẹ óò rí ìdí tí Alec Coppen fi gbé ọ̀rọ̀ serotonin kalẹ̀ ní 1967. Àbá ló dá. Ìgbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin, ní ìparí 1987 tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ lọ́jà, àbá yẹn wọ inú ìpolówó, ó sì ń jáde lẹ́nu wa bí ohun tó ti dájú. Èmi náà sọ ọ́ fún àwọn tó wá ra oògùn lọ́wọ́ mi. Mo tọrọ àforíjì.

Olóòótọ́, ohun tẹ́ ẹ sọ pé kò sẹ́ni tó wọn serotonin yín, kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn. Ó lé ní ìdá 90 nínú 100 serotonin ara wa tó jẹ́ pé inú ìfun ló wà, ti ìfun àti ti ẹ̀jẹ̀ kì í sì í kọjá sínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ téèyàn bá fà lápá ò lè sọ ohun tó ń lọ lórí.

Ẹ tún wo èyí. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí hóró àkọ́kọ́ bá ti wọlé ni serotonin ti ń pọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ni Atúndìde tó kọrin nílé ìwẹ̀? Tó bá jẹ́ pé bíbu epo sí àtùpà ni, ọjọ́ náà ni iná ìbá ti tàn. Ohun tá a mọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú serotonin jáde ní ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn. Tí wọ́n bá rí i pé ó ti pọ̀ jù, wọ́n á dín iṣẹ́ kù. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìṣọ́ yẹn tó dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á tún máa yọ ẹ̀ka tuntun, wọ́n á máa so pọ̀ ní ọ̀nà tí àìsàn ti dí. Iṣẹ́ tó ń falẹ̀ ni.

Àbíkẹ́yìn (aago 11:02 àárọ̀)

Ẹ ṣé, bàbá. Mo gbọ́ pé inú oúnjẹ la ti ń rí ohun tí ara fi ń ṣe serotonin, wọ́n ń pè é ní tryptophan. Ṣé a ò wá lè máa jẹ ẹ́ dáadáa, ká fi oògùn sílẹ̀? Ìyá mi ní àìsàn yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá àbùdá serotonin wọn ló wà lára èmi náà. Ọmọ ọdún 21 ni mí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọpọlọ (aago 1:15 ọ̀sán)

Àbíkẹ́yìn, má fòyà. Ní 2003, Avshalom Caspi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé irú àbùdá serotonin kan ń mú kí wàhálà ayé tètè ti èèyàn sínú ìsoríkọ́. Ó gba ayé kan. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìwádìí ńlá tó jáde ní 2019, wọn ò rí i mọ́. Ìsoríkọ́ máa ń rìn nínú ìdílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbùdá tó ń dá sí i pọ̀ jaburata, ipa tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kó ò tó nǹkan. Kò sí ẹyọ kan tí a lè nawọ́ sí pé òun ni.

Ní ti tryptophan: ẹnu ọ̀nà kan náà ni òun àti àwọn èròjà purotéènì mìíràn ń gbà wọ ọpọlọ. Àwọn yẹn pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Téèyàn bá jẹ purotéènì púpọ̀, ṣe ni gbogbo wọn á rọ́ dé ẹnu ọ̀nà pa pọ̀, tryptophan ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Kì í ṣe ohun téèyàn lè fi àwo kún àwo yanjú.

Ṣùgbọ́n o ti mú mi dé ibi tí mo fẹ́ dé, torí ibi yìí ló kan ìbéèrè Atúndìde gan-an.

Àwọn onímọ̀ lo ẹnu ọ̀nà yẹn láti wádìí nǹkan. Wọ́n po ohun mímu kan tí gbogbo èròjà purotéènì yòókù kún inú rẹ̀, tí wọ́n yọ tryptophan nìkan kúrò. Ẹni tó bá mu ún, láàárín wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, tryptophan inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti já wálẹ̀ pátápátá, serotonin tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe á sì dín kù fúngbà díẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?

Àwọn tí ìsoríkọ́ ò ṣe rí, tí kò sì sí nínú ìdílé wọn, nǹkan kan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n mu ún, inú wọn dùn bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé serotonin tó kéré nìkan ló ń fa ìsoríkọ́, ó yẹ kí gbogbo wọn máa sunkún.

Àwọn tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wò sàn ńkọ́? Ní 1990, Pedro Delgado àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún èèyàn 21 bẹ́ẹ̀ mu. Mẹ́rìnlá nínú wọn ni ìsoríkọ́ gbá mú padà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu oúnjẹ wọn, ó lọ. Ní 1997, Smith, Fairburn àti Cowen tún ṣe é fún àwọn obìnrin 15 tí ìsoríkọ́ ti ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan rí, tí ara wọn ti yá, tí wọn ò tiẹ̀ lo oògùn mọ́. Mẹ́wàá ló rí àmì àìsàn náà fún wákàtí díẹ̀, tí irú èrò tí wọ́n ti gbàgbé tún ń sọ sí wọn lọ́kàn.

Mo ti ka ìwádìí méjèèjì yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń mú mi lọ́kàn. Serotonin tó dín kù ò ká ẹni tí kò ní ojú ọgbẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó bá ojú ọgbẹ́ lára ẹni tí àìsàn ti ṣe rí. Torí náà "kí ló fa ìsoríkọ́?" àti "kí ni kì í jẹ́ kó padà?" kì í ṣe ìbéèrè kan náà. Ìròyìn tẹ́ ẹ kà, ti àkọ́kọ́ ló dá lóhùn. Ti kejì lẹ bi wá.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀ (aago 2:40 ọ̀sán)

Akẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́, àlàyé yín yé mi. Ṣùgbọ́n èèyàn 21 àti èèyàn 15 ò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìwádìí tó tóbi, tó sì jọ ọ̀rọ̀ Atúndìde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó èèyàn 478 tí wọ́n ti ń lo irú oògùn yìí tipẹ́, tí ara wọn yá débi pé wọ́n ń rò ó láti dá a dúró. Wọ́n ń pe ìwádìí náà ní ANTLER, ó jáde ní 2021. Ìdajì ń bá oògùn lọ, ìdajì kejì ni wọ́n rọra pààrọ̀ ti wọn sí hóró tí kò ní oògùn nínú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ 52, ìsoríkọ́ padà sára ìdá 56 nínú 100 àwọn tó dá a dúró. Ìyẹn ni pé ìdá 44 ò rí i. Kí ló dé tí a ò sọ̀rọ̀ nípa àwọn 44 yẹn? Èmi wà lára irú wọn.

Apòògùn_Àgbà (aago 3:05 ọ̀sán)

Ẹ ka ìyókù fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń bá oògùn lọ, ìdá 39 nínú 100 ló padà ṣe. Oògùn dín ewu kù, kò pa á tán. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti bọ́ torí pé ó ń gbé hóró mì, mi ò sì ní sọ pé ó ti ṣègbé tó bá dá a dúró.

Ìyá_Ìbejì (aago 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, venlafaxine ni mò ń lò, ara mi ti yá fún nǹkan bí ọdún kan. Kò sí ìròyìn tí mo kà. Ó kàn sú mi ni. Mo ń wo páálí oògùn lórí tábìlì lójoojúmọ́, ó ń rán mi létí pé aláìsàn ni mí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún dókítà.

Lọ́jọ́ kejì, òyì dé. Lọ́jọ́ kẹta, ohun kan ń ta mí lágbárí bí iná mànàmáná nígbàkigbà tí mo bá yíjú. Àlá burúkú, èébì, omijé láìnídìí. Mo ní "àìsàn mi ti padà". Ẹ̀rù yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo fara dà á, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti rọlẹ̀, ni mo bá dúpẹ́. Mo rò pé mo ti là á já.

Oṣù kẹrin ló wá dé lóòótọ́, kò sì pariwo. Mo kọ́kọ́ ń jí ní aago mẹ́ta òru. Lẹ́yìn náà, mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fọwọ́ kàn mí. Wọ́n á sáré wá, màá yẹra. Ẹ wò ó, mo ṣì ń rí ojú èyí àbúrò lọ́jọ́ yẹn. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi wà nínú ìyẹn kí n tó dìde. Oògùn tó ṣiṣẹ́ fún mi tẹ́lẹ̀ ò tètè ṣiṣẹ́ mọ́, òmíràn ni wọ́n fún mi.

Mi ò sọ pé kó o máa lo oògùn títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé má dá ṣe é. Má fi ṣe àṣírí.

Ọkọ_Aya_Rẹ̀ (aago 6:31 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ìyàwó mi ń dín oògùn tirẹ̀ kù lọ́wọ́lọ́wọ́, dókítà mọ̀ sí i. Lánàá ó sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ara rẹ̀ kàn ń wá oògùn ni tàbí àìsàn gan-an ló ń bọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Òru (aago 9:14 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn. Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdààmú tí dídín oògùn kù ń fà máa ń tètè dé, láàárín ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lára paroxetine àti venlafaxine tó ń yára kúrò lára. Fluoxetine máa ń pẹ́ lára, tirẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Ìsoríkọ́ gan-an sábà máa ń rọra yọ́ wọlé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe é. Òyì, kí orí máa ta bí iná mànàmáná, èébì: ìsoríkọ́ kì í sábà mú ìyẹn wá. Kí èèyàn má gbádùn ohunkóhun mọ́, kó máa rí ara rẹ̀ bí ẹrù lọ́rùn ẹlòmíràn, ìyẹn kì í ṣe ti oògùn tó kúrò lára nìkan. Tí wọ́n bá dá ìwọ̀n oògùn padà sí bó ṣe wà, tí gbogbo rẹ̀ sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn tó dín kù ló fà á. Omijé ti wà nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ má fi omijé nìkan dájọ́. Ẹ pe dókítà yín lọ́la, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dín oògùn kù.

Ohun mìíràn tí mo máa ń bá àwọn èèyàn sọ, Atúndìde, ìwọ ni mò ń bá wí níbí: ṣé ara rẹ yá ni, àbí ó yá *tán*? Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ní 1995, Paykel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tí ìsoríkọ́ wọn ti rọlẹ̀. Àwọn tí àmì díẹ̀ ṣì kù lára wọn, oorun tí kò gún, ọkàn tó wúwo láàárọ̀, ìdá 76 nínú 100 wọn ni àìsàn padà gbé ṣánlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún kan àti díẹ̀. Àwọn tí kò ní àmì kankan mọ́, ìdá 25. Ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí ní wọ́ọ̀dù nìyẹn. Ìye ìgbà tó ti ṣe èèyàn rí náà ń dá kún un: bó bá ṣe ń ṣe é léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn fún un tó láti padà.

Àbíkẹ́yìn, tí àìsàn náà bá ṣe ọ́ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì fún ọ ní irú oògùn yìí, ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ìkìlọ̀ tó wà lára àwọn oògùn náà ní Amẹ́ríkà dárúkọ àwọn tí kò ju ọdún 24 lọ, torí èrò ikú lè pọ̀ sí i lọ́kàn wọn níbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wọ̀ lọ́kàn lónìí, má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún ọ. Jí ẹni tó sún mọ́ ọ, kí ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yìí.

Àbíkẹ́yìn (aago 9:40 alẹ́)

Mo ti gbọ́, ma. Mo dúpẹ́ gan-an ni.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀ (aago 10:22 alẹ́)

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun kan wà tí mi ò sọ láàárọ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú láti fi paroxetine sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí n fi dín in kù. Mi ò lè dìde lórí ibùsùn. Mo padà sí i pẹ̀lú ìtìjú. Ìgbà kejì, mo bá dókítà mìíràn pàdé tó ní sùúrù. Oṣù 14 ni a fi ṣe é, tí a sì ń fi oògùn olómi wọn ìwọ̀n tó kéré ní ìparí. Tí mo bá sọ pé "mo ti fi sílẹ̀, ara mi dá", oṣù 14 yẹn wà nínú rẹ̀. Mo fi ìbínú fò ó. Ẹ má bínú, Atúndìde.

Apòògùn_Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:00 àárọ̀)

Olóòótọ́, orúkọ yín rò yín. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí oṣù 14 yẹn fi ṣe pàtàkì. Sẹ́ẹ̀lì ní ẹnu kan tó fi ń fa serotonin padà sínú, irú oògùn yìí ló ń dí ẹnu yẹn. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wo iye tó ń dí. Ẹ jẹ́ ká mú citalopram, ọ̀kan lára wọn: 20 mílígíráàmù rẹ̀ ń dí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 40, kì í ju nǹkan bí 86 lọ. Nítorí náà, ẹni tó dín in láti 40 sí 20 kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan, ara rẹ̀ lè má tiẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n 5 mílígíráàmù péré ṣì ń dí nǹkan bí ìdajì àti díẹ̀ sí i! Ẹni tó bá wá ń fo láti 5 sí òfo, òkè ńlá ló fò lulẹ̀ níbi tó rò pé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn ni. Mark Horowitz àti David Taylor ló kọ ọ̀rọ̀ yìí kedere ní 2019: bí ìwọ̀n bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni kí ìdínkù náà máa kéré sí i. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Kó sọ̀ kalẹ̀ gan-an ló gba ẹ̀sọ̀ jù.

Ẹ rántí ANTLER. Bí oṣù méjì ni wọ́n fi dín oògùn àwọn yẹn kù. Èmi gbà pé lára ìdá 56 yẹn, àwọn kan wà tó jẹ́ òyì àti omijé oògùn tó kúrò lára ni wọ́n kà mọ́ ìsoríkọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọpọlọ (aago 8:45 àárọ̀)

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀rọ̀ serotonin ò tíì parí: ìwádìí kékeré kan tí David Erritzoe ṣíwájú rẹ̀, tó jáde ní 2022 náà, fi àwòrán ọpọlọ wo èèyàn 17 tó ní ìsoríkọ́ àti 20 tí ara wọn dá. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ohun tó ń mú ọpọlọ tú serotonin jáde, èyí tó jáde lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn kéré sí ti àwọn yòókù. Kò tó láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn náà pa.

Èkejì, hóró nìkan kọ́ ni igi ìtilẹ̀. Ní 2015, ìwádìí PREVENT fi èèyàn 424 tí ìsoríkọ́ ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ̀nà méjì: ìdajì ń bá oògùn lọ, ìdajì kọ́ àṣàrò tí wọ́n fi ń mọ èrò ìsoríkọ́ nígbà tó bá ń yọjú, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dín oògùn kù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó padà sára ìdá 47 nínú 100 àwọn olóògùn, 44 nínú 100 àwọn aláṣàrò. Ọgbọọgba ni ká pè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ igi kan, ẹ ti fi òmíràn ti ògiri kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Ọkọ_Aya_Rẹ̀ (aago 12:10 ọ̀sán)

A ti pe dókítà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n dín oògùn kù ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó padà sí ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà kó máa dín in ní ìdajì bó ṣe ń dín in. Ó sùn dáadáa lálẹ́ àná, nígbà tó gbọ́ pé ó lè jẹ́ oògùn ni, kì í ṣe òun.

Atúndìde (Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:20 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lọ rí dókítà lónìí. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn látorí fóònù mi. Mo sọ fún wọn pé àlàyé serotonin tí wọ́n ṣe fún mi nígbà yẹn dùn mí nígbà tí mo mọ̀ pé kò pé. Wọn ò jà mí níyàn. Wọ́n ní kì í ṣe pé mo ń gbé òfo mì, pé oògùn náà ṣiṣẹ́ lára mi, ohun tí kò dá wọn lójú ni gbogbo ọ̀nà tó gbà ṣiṣẹ́.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì bi mí. Mo fẹ́ sọ pé ó yá tán, mi ò lè sọ ọ́. Mo ṣì ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkàn mi ṣì ń wúwo títí di bí aago mẹ́wàá. Mo ti rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn.

Nítorí náà, a ò tíì dín nǹkan kan kù. Torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe mí, wọ́n fẹ́ kí n lo oògùn náà tó ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú amọ̀ṣẹ́ kan lórí oorun mi àti èrò àárọ̀ yẹn. Tó bá di ìgbà tí a máa dín in, a ti kọ ọ́ sílẹ̀: 100, 75, 50, 25, lẹ́yìn náà oògùn olómi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ni màá máa pè tí mo bá jí láago mẹ́ta.

Ìyá_Ìbejì (aago 8:33 alẹ́)

Ra ìwé kékeré kan, kó o máa kọ bí oorun rẹ ṣe rí sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mi ò ṣe nìyẹn. Tí mo bá ti kọ ọ́ ni, ǹ bá ti rí aago mẹ́ta òru yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Atúndìde (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:57 àárọ̀)

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sùn ní aago 10:40. Mo jí ní 4:15, mi ò lè sùn mọ́. Ọkàn mi wúwo díẹ̀, kò tó ti àná.